Ẹran tó ń hù padà lójú ara tọkọtaya, àti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV

Ìyá Olóko béèrè:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìlera. Tọkọtaya kan ti wà pọ̀, ó lé ní ọdún mẹ́wàá. Ẹran wẹ́wẹ́ hù sí abẹ́ ọkọ, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó lọ, ó tún hù. Ní báyìí, ìyàwó náà ti ń fọwọ́ kan ẹyọ méjì lára tirẹ̀. Ta ló kó o ran ta? Ṣé kí àwọn méjèèjì jọ lo oògùn ni? Ṣé abẹ́rẹ́ HPV tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọbìnrin lè lé e lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa yékéyéké.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè:

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ibi tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ilé tó ti tú lórí ọ̀rọ̀ yìí kò kéré.

Kòkòrò HPV ló ń fa ẹran yìí, èyí táwọn kan ń pè ní wọ́ọ̀tì. Oríṣiríṣi ni HPV, ṣùgbọ́n irú 6 àti irú 11 ló ń fa nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ẹran ojú ara. Tó bá wọ ara, ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹran tó yọ. Ó lè pẹ́ tó oṣù mẹ́jọ. Ó sì lè sá pamọ́ sínú awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi àmì kankan hàn, kó wá yọ lọ́jọ́ tí agbára ara dínkù. Nítorí náà, ẹran tó yọ lónìí kò fi hàn pé ẹnì kan ṣe ìṣekúṣe lánàá. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n tó mọ ara wọn rárá ló ti wà lára ọ̀kan nínú wọn. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tàbí dókítà kan tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ẹni tó gbé e wá. Ẹni tó bá ní òun lè sọ ọ́, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìdí tó fi ń padà: ẹran tí a fojú rí nìkan ni oògùn ń mú kúrò. Kòkòrò náà ṣì wà nínú awọ tó yí i ká, awọ tó ń dán tí kò ní àmì. Bí ẹni tó gé koríko láìhú gbòǹgbò rẹ̀ ni. Èyí tó bá máa padà, láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ló sábà máa ń padà. Tó bá wá padà, kì í ṣe pé oògùn ò dára, kì í sì í ṣe pé ìyàwó ló tún kó o ran ọkọ. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ara fúnra rẹ̀ ló máa ń borí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, àmọ́ ó lè gba oṣù púpọ̀ tàbí ọdún kan sí méjì.

Dókítà Awọ Ara:

Mo fara mọ́ ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi oògùn sí i, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ fojú rí i. Nínú ohun tí àwọn èèyàn ń fi oògùn jó, èyí tí kì í ṣe ẹran HPV rárá pọ̀.

Lára ọkùnrin, ó wọ́pọ̀ kí kókó tíntìntín tò yí ọrùn orí okó ká, ní ìlà kan tàbí méjì, kí gbogbo wọn dọ́gba bákan náà. Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kì í ràn, kò sì nílò oògùn. Lára obìnrin, irú rẹ̀ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ojú ara, ó rọ̀, ọ̀tún àti òsì á sì rí bákan náà. Ẹran HPV kì í tò létòlétò báyẹn. Ọ̀kan á tóbi, èkejì á kéré, ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun tó bá ti ń dàgbà, ó sì máa ń wù ú láti hù níbi tí awọ ti ń fara gbo ara.

Èyí tí àṣìmú rẹ̀ léwu jù ni ti sífílíìsì. Ní ìpele kejì àrùn yẹn, nǹkan kan máa ń wú lójú ara àti yíká ihò ìdí: ó fẹ̀, orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì máa ń rin. Ẹ lè fi oògùn ẹran kùn ún títí ọdún á fi yí, kò ní lọ. Abẹ́rẹ́ penicillin ló ń wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí tọkọtaya méjèèjì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sífílíìsì àti HIV lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ẹran tó pọ̀ jù, tó ń dàgbà kíákíá, tó kọ̀ tí kò lọ, lè jẹ́ àmì pé HIV ti ń jẹ agbára ara láìjẹ́ pé onítọ̀hún mọ̀. Tí wọ́n bá fi oògùn HIV sí i lára, ẹran náà á rọrùn láti ṣẹ́gun.

Ẹran tó bá le gbagidi, tó yí àwọ̀ padà lójijì, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ tàbí tó di egbò, wọ́n gbọ́dọ̀ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ kí wọ́n tó fi oògùn kankan sí i. Ẹ̀ka awọ ara ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Èkó àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Oníṣòògùn Òyìnbó:

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí oògùn, torí ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bàjẹ́ jù.

Méjì ló wọ́pọ̀ nínú èyí téèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ lò nílé lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ ọ́. Àkọ́kọ́ ni podophyllotoxin olómi 0.5%. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ara sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Ẹ lè ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Gbogbo omi oògùn tí ẹ máa lò lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju 0.5 ml lọ, ìyẹn ìdajì mílílítà.

Bí ẹ ṣe máa lò ó: ẹ fi ọṣẹ tí kò ta àti omi wẹ ibẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ fi básílíìnì díẹ̀ pa awọ tó dáa tó yí ẹran náà ká, kí oògùn má bàa ràn sí i. Ẹ ki orí igi ọ̀wú bọ oògùn, ẹ fún un sẹ́nu ìgò kó má kán, kí ẹ wá fi kan orí ẹran náà nìkan. Ẹ dúró kó gbẹ kí itan tó kan itan tàbí kí ẹ tó wọ pátá. Ọkùnrin tí wọn ò dá abẹ́ fún gbọ́dọ̀ fa awọ sẹ́yìn títí oògùn á fi gbẹ. Obìnrin tí kò rí ibẹ̀ dáadáa lè lo dígí, tàbí kí ọkọ bá a fi sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́.

Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́: ní ọjọ́ kẹrin, ẹran náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti funfun díẹ̀, onítọ̀hún á wá fi kún un dípò kó sinmi. Ọ̀la, gbogbo ibẹ̀ ti bó. Ọjọ́ mẹ́rin ìsinmi yẹn wà nínú ìwọ̀n oògùn. Oògùn ṣì ń ṣiṣẹ́, awọ sì ń tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn míì á ṣe ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹran á kéré, wọ́n á ní ó ti tán. Gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì kú.

Èkejì ni kírímù imiquimod 5%. Èyí kì í jó ẹran. Agbára ìdáàbòbò ara ló ń pè wá síbẹ̀, ìyẹn ló fi ń pẹ́. Alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, bíi ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá. Ó lè gba tó ọ̀sẹ̀ 16. Ibẹ̀ á pọ́n, á máa yún, á máa ta díẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Tó bá wá bó tàbí tó di egbò, ẹ dá a dúró títí awọ á fi san, kí ẹ wá tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Kírímù yìí máa ń sọ rọ́bà kọ́ńdọ̀mù di aláìlágbára, ó sì lè ta ẹnì kejì, nítorí náà ẹ má bára yín sùn nígbà tó bá ṣì wà lára.

Ẹ má fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sínú ojú ara tàbí sínú ihò ìdí. Aboyún kò gbọdọ̀ lò wọ́n. Ẹ yẹ nọ́ńbà NAFDAC wò lára páálí. Oògùn ẹran ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tà lórí káńtà, tó ní salicylic acid nínú, kì í ṣe ti ojú ara. Awọ ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.

Ọmọ Ìjẹ̀bú béèrè:

Àgbo àti omi bátìrì ńkọ́? Wọ́n ń polówó wọn gan-an lórí WhatsApp. Àbí ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ dúdú?

Dókítà Awọ Ara:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Omi bátìrì jẹ́ ásíìdì tí kò mọ ibi tí ẹran pin sí. Ó máa ń jẹ awọ wọnú, ojú ọgbẹ́ á kì, ihò ìtọ̀ sì lè fún pa. Ásíìdì kan wà tí a máa ń lò nílé ìwòsàn lóòótọ́, trichloroacetic acid 80 sí 90%. Kíkán bín-ín-tín ni, orí ẹran nìkan. Á funfun lójú ẹsẹ̀. Bó bá ṣàn sí awọ, a ní ọṣẹ olómi tàbí sódà (sodium bicarbonate) tí a fi ń pa agbára rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la máa ń ṣe é. Ẹni tó wà nílé kò ní òṣùwọ̀n, kò sì ní ohun tó máa fi pa á.

Ìtọ́jú ilé ìwòsàn yòókù: a lè fi nitrogen olómi tó tutù kọjá yìnyín dì í, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì; a lè fi iná mànàmáná jó o tàbí ká gé e lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora. Gígé ló dára jù fún èyí tó ti tóbi. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tó dájú pé ẹran ò ní padà. Tí ìtọ́jú kan ò bá fi àyípadà gidi hàn lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n yí ọ̀nà padà.

Ẹ dáwọ́ fífá irun ibẹ̀ dúró títí ẹran á fi lọ. Abẹ náà ló ń gbé e káàkiri: ó ń gé orí ẹran, ó sì ń ṣí awọ tó kàn án sílẹ̀ fún kòkòrò. Sísọ́ọ̀sì ni kí ẹ fi rẹ́ ẹ. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́. Sìgá ń dí ara lọ́wọ́ láti borí HPV.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè:

Lórí ìbéèrè Ìyá Olóko pé ṣé kí àwọn méjèèjì lo oògùn: ẹni tí ẹran wà lára rẹ̀ nìkan ló ń lo oògùn. Ìyàwó yẹn ti rí tirẹ̀, kó lọ fi hàn wọ́n. Ká ní kò rí nǹkan kan ni, kò ní sí ohun tí oògùn máa pa. Tọkọtaya tó ti ń bára wọn sùn fún ọdún pípẹ́ ti jọ pín kòkòrò náà kí ẹran kankan tó hàn, nítorí náà kò pọn dandan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kọ́ńdọ̀mù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá torí ẹran nìkan. Kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu kù, àmọ́ kì í bo gbogbo awọ tó ń kanra. Ẹ kàn dáwọ́ ìbálòpọ̀ dúró nígbà tí awọ bá ti bó.

Ọ̀rọ̀ á yàtọ̀ tí ọkọ bá fẹ́ gbé ìyàwó míì wọlé, tàbí tí ẹnì kan nínú wọn ní ẹlòmíì níta. Ẹni tuntun yẹn lè má tíì ní kòkòrò yìí rí. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ kó tó bọ́ aṣọ, kó sì ráyè gba abẹ́rẹ́ ṣáájú.

Alábòójútó Àjẹsára:

Ó kan abẹ́rẹ́ wàyí. Àjẹsára HPV kì í ṣe oògùn. Kì í lé ẹran tó ti hù, kì í sì í pa kòkòrò tó ti wọ awọ. Ẹni tó bá tà á fún yín pé á wo ẹran yín sàn, owó yín ló fẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà mọ́ irú tí kò tíì wọ ara. Ẹni tí irú 6 ti wọ̀ lára lè máà tíì ní irú 16 tàbí 18, àwọn tó ń fa nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Fún ìyẹn, ó ṣì lè wúlò fún un.

Ẹ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó na apá. Gardasil oní-mẹ́rin ń dí irú 6, 11, 16 àti 18. Gardasil 9 fi irú 31, 33, 45, 52 àti 58 kún un. Cervarix ń dí irú 16 àti 18 nìkan: ó dára fún jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò dí ẹran. Kò sí kòkòrò kankan nínú wọn, òkú tàbí ààyè. Èèpo tó jọ ti kòkòrò náà lásán ni, nítorí náà kò lè fa HPV, kì í sì í sọ èèyàn di àgàn.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi í sínú àjẹsára ọ̀fẹ́ fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú ìpín kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹran ń yọ lẹ́nu, tí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó wà lọ́jọ́ orí yẹn, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí. Ọjọ́ orí yẹn ni abẹ́rẹ́ yìí ti lágbára jù, nígbà tí kòkòrò kankan kò tíì wọ ara. Ní Australia, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un fún ọmọbìnrin ní 2007, nínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 21 tó ń wá sí ilé ìwòsàn àrùn ìbálòpọ̀, àwọn tí wọ́n bá ẹran lára wọn já láti 11.5% ní 2007 sí 0.85% ní 2011. Ti ọkùnrin ọ̀dọ́ náà já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì máa gún un fún ọkùnrin nígbà yẹn.

Fún àgbàlagbà, àpò ara ẹni ni owó ti máa jáde. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ẹni tó ti pé ọdún 21 gba méjì, kí oṣù mẹ́fà wà láàárín wọn. Ìwé oògùn Gardasil 9 fúnra rẹ̀ sọ mẹ́ta fún ẹni ọdún 15 sókè: òní, oṣù kejì, oṣù kẹfà. Ẹni tó ní HIV gbọ́dọ̀ gba méjì ó kéré tán, mẹ́ta ló dára jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fàṣẹ sí Gardasil 9 dé ọdún 45 ní 2018, àmọ́ láti ọdún 27 sí 45, wọ́n ní kí èèyàn bá dókítà rẹ̀ jíròrò ni. Tí ẹ bá bi mí: tọkọtaya ọlọ́dún mẹ́wàá tí kò ní ẹlòmíì, tí owó ò sì fi bẹ́ẹ̀ sí, kí wọ́n ná owó náà sórí ìtọ́jú tó péye àti àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ ìyàwó.

Ará Peckham:

Fún àwa tó wà ní ìlú ọba: ilé ìwòsàn ìlera ìbálòpọ̀ ti NHS (ètò ìlera ìjọba) kò nílò lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ìtọ́jú ẹran yìí sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní England, ìwé ìgbélùú yín ì báà pé, ì báà má pé. Wọn kì í fi orúkọ yín ránṣẹ́ sílé. Láti oṣù kẹsàn-án 2023, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ HPV fún àwọn ọmọ iléèwé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọmọbìnrin tí kò gbà á níléèwé ṣì lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó pé ọdún 25. Ọmọkùnrin náà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá bí i lẹ́yìn ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2006.

Ìyá Olóko béèrè:

Ọlọ́run á bù kún yín. Ìyàwó yẹn ń rò ó pé òun ti ń wá oyún. Ṣé kó dúró? Ṣé ẹran yìí ló ń di jẹjẹrẹ?

Nọ́ọ̀sì Agbègbè:

Irú 6 àti 11 kọ́ ló ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ. Àyẹ̀wò tí gbogbo obìnrin ń ṣe ni tirẹ̀ náà: láti ọdún 30, tàbí láti 25 tó bá ní HIV. Ẹran nìkan kò ní kó sáré ṣe é ṣáájú ìgbà.

Oyún kò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó dára kó tọ́jú ẹran ṣáájú, torí nínú oyún ó máa ń pọ̀, ó máa ń tóbi, oògùn tó ṣeé lò á sì kù díẹ̀. Tí oyún bá ti dé, ilé ìwòsàn lè fi òtútù dì í tàbí kí wọ́n lo trichloroacetic acid. Torí ẹran nìkan, wọn kì í fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí, àfi tó bá dí ọ̀nà ọmọ tàbí tó lè ṣẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí ọmọ kó o sí ọ̀nà ọ̀fun. Kó sọ fún agbẹ̀bí rẹ̀ náà ni.

Alábòójútó Àjẹsára:

Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ kí oyún tó dé, kó dá èyí tó kù dúró di ẹ̀yìn ìbímọ. Kò ní tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó dé ló ti máa tẹ̀ síwájú. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè gbà á. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ ìwúkàrà búrẹ́dì lọ́nà tó le gan-an kò gbọdọ̀ gba Gardasil.

Tí ẹ bá máa rà á ní kẹ́míìsì aládàáni, ẹ bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí nígbà tí iná bá lọ. Ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 °C ni, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín láé. Ẹ ní kí wọ́n fi òṣùwọ̀n inú fíríìjì hàn yín, ẹ ka ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára ìgò, kí ẹ sì jókòó fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, torí òòyì máa ń kọ́ àwọn kan. Ẹ gba káàdì tí wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tó kàn sí kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.